Apá Ẹ̀wù Tí Wọ́n Tú

Ìyá Ìbejì mi,

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, má fòyà. O ní kí n sọ ohun tí ìrìn-àjò ti kọ́ mi. Hẹ̀n-ẹn! Èmi tí mo ń rán odindi agbádá nílé, apá ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni mò ń rán ní ilé iṣẹ́ aṣọ níbí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́.

Lánàá, ọ̀gá wa, ọmọbìnrin tí kò ju àbúrò rẹ lọ, mú apá kan tí mo rán, ó fi abẹ́ tú u lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Tún un rán, kíá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un rán. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ìdí maṣíìnì yẹn ni mo ti rántí bùbá tí o rán fún ìyàwó tíṣà ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí mo tú lójú obìnrin náà fúnra rẹ̀, tí mo ní ọwọ́ rẹ wúwo bí ọmọ odó. O kàn ń ṣa òwú nílẹ̀.

Bùbá yẹn dára. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó dára.

Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́.

Bá mi kí àwọn ìbejì. Bá mi kí ìyá mi. Ìwọ náà, mo dọ̀bálẹ̀ kí ọ.

Bàbá Ìbejì