Obìnrin Inú Fóònù Tí Kì Í Jẹ́ Ìkíni

Àkọ́bí mi, ọmọ tó kọ́kọ́ sọ mí dìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí tí mo bá tẹ màṣíìnì pẹ́, àti òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó tún ti ń jò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọpẹ́ ni.

Fóònù tó o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ obìnrin ti dé o, a dúpẹ́. Ó ní ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, òun lòun máa fi kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí tíṣà wọn ń wí. Ohun tí o kò sọ fún mi ni pé obìnrin kan ń gbé inú ẹ̀. Bí àbúrò rẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan báyìí, obìnrin yẹn á pè é ketekete. Mo kí i káàárọ̀, kò jẹ́ mi. Mo kí i kú iṣẹ́, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo ní bóyá kò gbọ́ Yorùbá ni, kí àbúrò rẹ bá mi fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ ta ni? Ṣé ìwọ lò ń sanwó fún un ni àbí ìjọba? Ìgbà wo ló ń sinmi? Èmi ti ní kí wọ́n máa fi aṣọ bò ó tílẹ̀ bá ti ṣú, kí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ lè rí ìsinmi.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọ iléèwé girama, kí wọ́n dúró níwájú èrò kí wọ́n máa sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ ìwé yó. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lọ sí iléèwé ńlá kan nílùú yín níbẹ̀, á sì kà á parí lọ́fẹ̀ẹ́. O ṣáà mọ̀ pé látìgbà tí bàbá yín ti lọ, màṣíìnì yìí nìkan ló ń rán yín níwèé. Tí àbúrò rẹ ò bá rí èyí gbà, ibi tó kà á dé náà nìyẹn.

Bó ṣe di pé ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn mọ́ nìyẹn. Tébi bá ń pa á, á wá ọ̀rọ̀ kan tó gùn ju téèpù mi lọ. Oníbàárà mi kan wá gba síkẹ́ẹ̀tì, àbúrò rẹ fi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn yìn ín, obìnrin náà bínú lọ, ó ní wọ́n bú òun. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ọkọ ẹ̀ ti sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún un, ló bá ní kí n rán méjì sí i.

Èmi wá rò ó bí aránṣọ. Aṣọ òde tuntun, ẹnìkan kì í wọ̀ ọ́ lọ pọnmi. Mo pe àbúrò rẹ, mo ní kó kó àwọn ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́, kó má ṣe sọ ẹyọ kan títí ọjọ́ ìdíje, kí wọ́n má baà ṣá. Ọmọ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ilé wá pa rọ́rọ́, àyà mi sì balẹ̀.

Àfi bí tíṣà wọn ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí ni mo ṣe fọ́mọ yìí, pé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò mọ̀ wọ́n mọ́, ó kàn ń kólòlò. Mo fi ìyangàn ṣàlàyé ọgbọ́n mi fún un. Kí n tó sọ ọ́ tán, ìyàwó kan tó ń dán búláòsì wò lẹ́yìn kọ́tìnnì nawọ́ sókè, ó ké yéè, aṣọ ti fún un lábíyá. Háà! Ìgbà yẹn lojú mi là. Èmi tí n kì í jẹ́ kí aṣọ kan jáde láìdán an wò!

Látọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń dán ọ̀rọ̀ wò sí lára. Mo sì wá di oníbéèrè. Mo ní kí ni wọ́n ń pe òjò tó kọ̀ tí ò dá? Ó sọ ọ́. Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó lówó tí ò lè fúnni? Ó ní méjì wà, kí n mú èyí tó wù mí. Mo wá ní, kí ni wọ́n ń pe àárò ẹni tí ò tíì lọ? Ó tẹ fóònù títí, obìnrin inú ẹ̀ ò rí nǹkan kan sọ.

Ọjọ́ ìdíje pé, mo lọ jókòó níwájú. N ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. Ó dúró, ó ń wò mí. N ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá dìde, mo na apá méjèèjì sókè bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń dán aṣọ wò. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ṣùgbọ́n èmi ìyá ni mo ṣípá lọ́jọ́ náà. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Àbúrò rẹ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì já jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́.

Òun ló mókè o. Tí ìsinmi bá ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Jọ̀ọ́, má ní kó panu mọ́ nínú ilé rẹ, jẹ́ kó máa dán an wò sí ọ lára. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún báàgì ẹ̀, tó bá sì ṣẹ́kù, fún òrùlé mi. Ọlọ́run á bù sí àpò tó o ti mú un. Ẹ̀yin méjèèjì ò ní ṣìnà, ẹ ò ní ṣubú, ayọ̀ yín ni n ó máa gbọ́.

Nǹkan kan ló kù. Bá a wá fóònù mìíràn níbẹ̀, kó fi èyí sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í jẹ́ ìkíni, ṣùgbọ́n ó ṣáà ń sọ̀rọ̀.

Èmi ni, ìyá yín nídìí màṣíìnì.