Ọkọ̀ Tẹ́nikẹ́ni Ò Pè

Àtìní, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Èmi ni awakọ̀ àwọn arúgbó mọ́ṣáláṣí wa — orí wẹ́bsáìtì ni wọ́n ti ń bèèrè ọkọ̀, ímeèlì á sì bọ́ sórí fóònù mi. Láti oṣù tó kọjá, kẹ́kẹ́ pa. Mo sọ fún Lèmọ́mù pé gbogbo arúgbó Houston ti di ọ̀dọ́, kí wọ́n múra ìgbéyàwó sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ùsáínì Onírùngbọ̀n, ọ̀rẹ́ mi, ò rẹ́rìn-ín. Bóyá torí jígí dúdú tí dókítà ojú fún un — mo ní ó jọ olórin tó ń sá fún èrò.

Àtàlátà, 7
Kò sẹ́ni tó pè.

Àlàrùba, 8
Mo pàdé Làdíátù, ìyàwó Ùsáínì, ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun ti pàdánù abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un sójú. Àwọn bèèrè ọkọ̀, wẹ́bsáìtì ní "a ti gbà á", mi ò sì yọjú. Tó bá tún pàdánù ọ̀kan, ojú yẹn lè lọ. "Bàbá Nusaiba, kí la ṣe fún yín?"
Mo pe Nusaiba, ọmọ mi tó ń tọ́jú wẹ́bsáìtì náà.

Àlàmísì, 9
Nusaiba gbé kọ̀ǹpútà wá láti Spring, níbi tó ń gbé. Ó ní inú ẹ̀rọ kan náà ni wẹ́bsáìtì àti apínlẹ́tà, ètò tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, wà. Láti oṣù tó kọjá, àdìtú ni ọ̀rọ̀ àárín wọn, kí ẹlòmíì má lè kà á. Apínlẹ́tà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn. "Localhost" ni wẹ́bsáìtì ń pè é — orúkọ tí gbogbo ẹ̀rọ ń pe ara rẹ̀. Orúkọ mọ́ṣáláṣí ló wà lórí káàdì. Wẹ́bsáìtì á ní ẹni tóun pè kọ́ nìyí, á tilẹ̀kùn, lẹ́tà ò sì ní lọ.
Bíi tèmi nílé ìwòsàn: wọ́n ń pe orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù, èmi Bàbá Nusaiba jókòó, mò ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.
Ó ní ọ̀nà wéré wà: kí wẹ́bsáìtì má wo káàdì mọ́. Mo ní ṣe é kíá. Ó kọ̀. "Bàbá, àìsàn àwọn èèyàn ló wà nínú lẹ́tà yẹn. Bí wọ́n bá gbé apínlẹ́tà lọ sí ẹ̀rọ mìíràn lọ́la, ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn ló máa gbà á."
Mo ní kó ṣe é bó ṣe yẹ.
Ó ní kí wẹ́bsáìtì máa pe orúkọ orí káàdì, ó sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé ibẹ̀ náà ni olórúkọ ń gbé. Fóònù mi dún.

Jímọ̀, 10
Wẹ́bsáìtì ti tọ́jú gbogbo lẹ́tà tí kò rí rán. Wọ́n ya dé. Ti Ùsáínì àkọ́kọ́: "Awakọ̀ oníyọnu yẹn ni kẹ́ ẹ rán sí mi. Tó bá ń sọ̀rọ̀, mi ò ní rántí ojú mi." Èkejì: "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"
Nusaiba bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká máa bọ̀. Mo fi Pearland, àdúgbò mi, sílẹ̀, ó di Greenspoint, àdúgbò Ùsáínì. Ùsáínì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró síwájú rẹ̀ gan-an, nínú oòrùn.
Ó ní, "Ta nìyẹn?"
Mo ní èmi ni. Ó wá èjìká mi títí, ó dì í mú.
Títí dé ilé ìwòsàn ní Medical Center, ẹnu mi ò dákẹ́. Mi ò rántí nǹkan kan tí mo sọ.