Erùpẹ̀ Tí Odò Gbé Wá Bá Wa

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ara wọn pé, "Màá sọ fún Ìyá Àgbà." Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti ojú tó ń ṣe bàìbàì kúrò, ìdí nìyí tí ìlà ìwé mi fi ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí Ẹlẹ́dàá má fi ohun tó ju agbára wa lọ dán wa wò.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Ó tojú sú mi. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Oko tí Bàbá fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì létí odò ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, nítorí náà kò yẹ kí n dá a pa mọ́ra.

O mọ bí odò ṣe máa ń kún bo oko yẹn lásìkò òjò, tí á sì fà sẹ́yìn, tí á fi ẹrẹ̀ pupa sílẹ̀. Àlejò tó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání ni Bàbá máa ń pè é. Láti kékeré wa, a kò bu ajílẹ̀ sí ilẹ̀ náà rí. Tòmátì ń so, ata ń so, àlùbọ́sà ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ń tóbi bí ìkúùkù, a sì rò pé ọwọ́ wa ló dára. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè ilé tí àlejò náà ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá ni obìnrin òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń bójú tó agbègbè wa wá bá mi. Ó ní orílẹ̀-èdè tiwa àti èyí tó wà lókè odò fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tọ́jú ilẹ̀, pé wọ́n á ṣe ìpàdé, wọ́n sì ń wá àgbẹ̀ tó máa gbẹnu sọ fún àwa ará ìsàlẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ́nu yín kì í kọ́," ló wí. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun. Bàtà ọ̀hún bó mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n kó wa jọ sí. Wọ́n fún wa ní ohun tí a gbé kọ́ etí, kí a lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ní èdè wa. Bí baba onírùngbọ̀n bá dìde sọ̀rọ̀, ohùn ọmọdébìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ ni mò ń gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó yé rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé kan wá sọ fún wa pé erùpẹ̀ tí òjò kan ṣoṣo bá gbá lọ, ayé ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ lè má tó láti rí irú rẹ̀ padà. Ó ní bí àwọn ará òkè ṣe ń kọ ebè láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló ń lànà fún omi. Ní báyìí wọ́n á máa kọ ọ́ dábùú òkè, wọ́n á gbin koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n á to òkúta, kí erùpẹ̀ lè dúró sílé ara rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àfi bí ọwọ́ mi ṣe dúró láàárín méjì: erùpẹ̀ tí wọ́n ń wí yìí, ṣé kì í ṣe ẹrẹ̀ pupa wa ni?

Mo nawọ́ sókè. Mo ní bí erùpẹ̀ bá dúró lọ́hùn-ún, kí ni yóò máa bọ́ oko tèmi? Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wa wò mí bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọjà. Ọ̀mọ̀wé náà fi sùúrù dá mi lóhùn pé wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń bọ́ ilẹ̀ fúnra wa, ká jẹ́ kí pòròpórò àti ewé jẹrà dípò ká dáná sun ún, ká máa gbin ẹ̀wà láàárín ohun ọ̀gbìn yòókù. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá látìgbà tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n wá ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná lọ́jọ́ ogbó, ìwọ náà wò ó.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti dìde láàárín àwọn ará òkè. Yóò fi díẹ̀ jù mí lọ. Ó yọ ti etí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ títí. Ògbufọ̀ gé e kúrú, ó ní, "Ó ní, ẹ̀yin ni, àbí?" Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó dé etí mi kò ju ìyẹn lọ. Mo mi orí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni mo fi orí náà sọ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí oko náà, ògbufọ̀ sì mú un wá. Mo pàdé wọn lójú ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn." Obìnrin náà kò wo tòmátì, kò wo ata. Ó lóṣòó, ó ki ọwọ́ bọ ebè títí dé ọrùn ọwọ́, ó bu erùpẹ̀ jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan. Ògbufọ̀ wo ojú mi, ó wo ilẹ̀. "Ó ní ilẹ̀ yín dára. Ó ní òun mọ̀ ọ́n."

Ó wá ń sọ tilé rẹ̀ fún mi. Òkúta ti yọ síta lóko wọn bí egungun ìhà màlúù tí kò rí koríko jẹ. Òjò ọdún èṣí wọ́ ilẹ̀ orí sàréè bàbá rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ní láti tún un sin síbòmíràn. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ènìyàn o. Bí ẹni ń sọ pé oòrùn mú lónìí ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó já tòmátì kan, ó pín in sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì, nínú oko ara mi, a sì jọ jẹ ẹ́.

Àbúrò mi, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ohun tí èdè wa kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tó ń dirun, a ń kí ẹni tó ra nǹkan àti ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, mi ò rí èyí tó bá a mu. Bí mo bá ní ẹ ṣeun, ta ló fún mi? Bí mo bá ní ẹ má bínú, kí ni mo ṣe? Bí mo bá ní ẹ kú òfò, èmi ni mo dúró lórí ohun tó ṣòfò. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni.

Nígbà tí mo fi máa délé, alálùbọ́sà ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ síwájú ilé mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn wọn o! Ohun tí Ọlọ́run fi omi gbé ránṣẹ́ séèyàn, a kì í pè é lólè." Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi ìlú, fèsì pé, "Ẹrẹ̀ yẹn náà ló ń dí ẹ̀rọ wa pa, tí odindi ìlú fi ń wá omi mu." Òótọ́ lòun náà sọ. Ni tọkọtaya bá gbé e gbóná fúnra wọn. Èmi ni mo ń làjà, èmi tí mi ò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n dá. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó pákó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, òfìfo ni wọ́n ń padà. Mo ní kí wọ́n máa kó pòròpórò àti ewé oko wa lọ bọ́ ilẹ̀ wọn, kí àwa náà lè fi nǹkan ránṣẹ́ padà. Inú ọ̀mọ̀wé dùn. Obìnrin yẹn nìkan ló ní rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, ògbufọ̀ kò gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú: "Ó ní ẹ má kó o wá. Ó ní bí erùpẹ̀ àwọn kò bá wá mọ́, ebi máa pa ilẹ̀ yín, gbogbo ewé yẹn lẹ máa nílò. Ó ní tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, kí ẹ wá bá àwọn to òkúta."

Mo fọwọ́ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa díẹ̀ gun òkè lọ bá wọn. Alálùbọ́sà kò lọ, ìyàwó rẹ̀ lọ. Wọn kò jẹ́ kí n gbé èyí tó wúwo, mo kàn ń na àwọn wẹ́wẹ́ sí wọn, obìnrin náà ń gbà á, ó ń tò ó. Mò ń ronú pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń dí ọ̀nà ọ̀fun oko Bàbá. Síbẹ̀ mi ò dáwọ́ dúró.

Òjò ti wá dé. Odò kún, ó fà, ẹrẹ̀ pupa sì tún tẹ́ sórí oko wa bíi ti àtẹ̀yìnwá. Alálùbọ́sà ń jó kiri, ó ń pariwo pé, "Ìwé wọn kò rí odò mú!" Ó yẹ kí inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n òkè odò ni mo kọjú sí. Ṣé òkúta tí a tò ti wó ni? Ṣé oko obìnrin náà ṣì kù? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà wá mọ́. Èmi tí ẹrẹ̀ tọ́ dàgbà!

Ṣé orí mi pé báyìí? Ṣé ogún wa ni mo fi tọrẹ, àbí ohun olóhun ni mo dá padà? Kọ èsì sí mi, má pọ́n mi lé. Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ bá ohun tó dára níwájú ju èyí tí àwa bá lọ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ títí o fi rìn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ irin jíjó, bá mi ṣe irin eléyín mẹ́ta, ọlọ́wọ́ gígùn, tí n ó máa fi tú ewé tó ń jẹrà. Ṣe méjì. Ìkejì ń lọ sókè odò.