Ìwé Ìhágún Bàbá Oníwáyà lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Dún Lábẹ́ Òrùlé

Èmi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Oníwáyà, tí mo fi àtúnṣe rédíò tọ́ ọmọ méjì, ni mo ní kí a kọ èyí. Orí mi pé, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mò ń ṣarán, irọ́ ni. Inú ló ń bí mi. Lọ́yà mi ni yóò mú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ, kó má sì gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni.

1. Ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ di ti ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn. Kí àkọ́bí mi jókòó kó tó gbọ́ ìdí rẹ̀.

2. Ẹ̀rọ inú ike tó wà lábẹ́ òrùlé, ti ọmọbìnrin mi náà ni. Àwa méjèèjì la jọ fi òjé jó o pọ̀. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò ju èékánná lọ. A kọ́ ọ láti máa fi ohùn kúkúrú àti ohùn gígùn pe orúkọ mi, kó sinmi, kó tún pè é. Agbára rẹ̀ kò tó ti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ wọ́n ń fi rédíò gbọ́ ọ lókè òkun.

Òkè òkun ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Nígbà tí a sin ìyá wa, ó sọ lójú ẹbí pé ìlọ́ra mi ló pa á. Èmi tí mo gbé ìyá pọ̀n dé ọsibítù! Mo ní kó má pè mí mọ́, kò sì pè. N kò sọ pé torí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe ẹ̀rọ. Òun náà ní rédíò; bó bá fẹ́ gbọ́, kó gbọ́.

3. Mọ́tò mi tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán ni ti àkọ́bí mi ọkùnrin. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Òun ló tú wáyà èríà kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí ó fẹ́ fi òpó tí mo so wáyà náà mọ́ gbé díìṣì bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé agbára tí kò bá rí wáyà gbà jáde, inú ẹ̀rọ ni yóò padà sí, yóò sì jó o. Ó jó o. Ó so wáyà padà, ó panu mọ́ bí olè.

Àbúrò mi tẹ́tí sí rédíò rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ mi mọ́, ó gbà pé mo ti kú. Ìyàwó rẹ̀ pe àkọ́bí mi lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni ń wo bọ́ọ̀lù, kò gbé e. Ni àbúrò mi bá wọ dúdú, ó wọ bàálù wá sin mí. Ó bá mi nídìí oúnjẹ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba irú ìjáyà bẹ́ẹ̀ mọ́. A sunkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti tún ń jà. Ó bínú lọ. Èmi àti ọmọbìnrin mi tún ẹ̀rọ náà ṣe.

4. Nítorí náà, bí mo bá kú, ẹ má pa ẹ̀rọ náà. Kò gbọdọ̀ dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí àbúrò mi bá wà láyé, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé mo ti kú. Ọjọ́ tí ẹ bá sin mí, kí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ gòkè lọ wò ó bóyá ó ń dún. Àbúrò mi alágídí yẹn ní òun ni yóò sin mí. Kò ní sin mí. Títí yóò fi kú, yóò máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú bí ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n.

Mo fọwọ́ sí i ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà,
Bàbá Oníwáyà

Ẹlẹ́rìí: Ìyá Aránṣọ, ayálégbé ṣọ́ọ̀bù mi
Ẹlẹ́rìí: Dókítà Onígíláàsì, tó tọ́jú àbúrò mi