Ẹsẹ̀ Tí Mo Ṣírò fún Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Mondher,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà ní Marseille? Màmá ń kí yín. Ólífì ọdún yìí kò so, àmọ́ ìtọ̀ ṣúgà tó gba ẹsẹ̀ Bàbá ti rọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣírò, tí ẹ̀rọ yunifásítì wa mọ fún Bàbá, ṣẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ìbàdí wọn fọ́. Dókítà ní wọn kò ní rìn mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣèwádìí bí nǹkan fífúyẹ́ kò ṣe ní ṣẹ́.

Bàbá ní, "Rafika, má sunkún. Wá tún ẹsẹ̀ mi wọ̀n."

Mi ò lè ṣe é. Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín fún wa. Tí ẹ bá pe Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yé fi mí yangàn fún àwọn tó ń wá kí wọn.

Àbúrò yín,
Rafika