Ta Ló Pè Mí Nínú Ẹ̀rọ?

Ìyá mi àtàtà,

Ilé ti dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí bọ̀dá mi ti kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Òkè-Àdó, èmi nìkan ló kù ní Bẹyẹrúnkà níbí. Maṣíìnì ìránṣọ yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. N kò mọ̀ ọ́n lò, n kò sì lè tà á.

Màámi, láti ìgbà tí ẹ ti dolóògbé, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń gbàgbé ohùn yín. Fọ́tò yín pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í jẹ́ ká gba ohùn yín sórí fóònù, ẹ ní ó le bíi ti ọkùnrin. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ̀ǹda ara mi fún dókítà kan tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn: àwọn kan ní téèyàn bá rántí ohùn, ńṣe ló ń tún un gbọ́, àwọn mìíràn ní rárá, ó kàn ń rò ó ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán lè parí iyàn náà. Èmi ò tìtorí iyàn wọn lọ. Ẹ̀yin ni mò ń wá.

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí n má mira, kí n rántí ohùn ẹni tí mo fẹ́ràn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó kì mí, tí mo máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ẹ ó fi kì mí tán. Bí mo ṣe gbọ́ Àmọ̀kẹ́, oríkì mi, báyìí, orúnkún mi ká bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Àwòrán bàjẹ́. Inú kọ́kọ́ bí dókítà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá ti yíjú délẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n tún un yà. Apá tó ń gbọ́ràn nínú ọpọlọ ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Mo wá bi í bóyá ohùn yín gan-an ni, àbí tèmi tí mo ń pè ní tiyín.

“Àwòrán lè fi hàn pé ẹ gbọ́ nǹkan,” ló wí. “Kò lè sọ ohùn ẹni tó jẹ́.”

Nígbà tí mo délé, mo dúró láàárín yàrá, mo fi ohùn tèmi ki ara mi sókè, gbogbo rẹ̀ pátá. Orúnkún mi kò mira. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀yin lẹ pè mí nínú ẹ̀rọ yẹn, Màámi. Mo sunkún títí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
ní Bẹyẹrúnkà.