Àlejò Tó Mọ Oríkì Wa

Màmá Folúṣadé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kabala Doki, ní Kaduna, ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí àwọn aládùúgbò mi kì í fi ètò rédíò yín ṣeré.

Yorùbá ni èmi àti ọkọ mi, ṣùgbọ́n Kaduna níbí ni wọ́n bí wa sí. Hausa la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, "Ina kwana" ni mo sì fi ń kí i láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú Moróunkẹ́ wálé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò. Oṣù kẹta rèé.

Láràárọ̀, Moróunkẹ́ á kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Àdìgún, ẹ jíire," á wá máa ki ọkọ mi lọ. Ọkọ mi á pa ojú dé títí tíì rẹ̀ á fi tutù. Ó ti ń sọ Yorùbá lójú oorun báyìí.

Lánàá, mo lọ bá Moróunkẹ́ láti sọ fún un pé kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kí n tó la ẹnu, ó fi oríkì mi pè mí. Màmá, ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kú láti ọdún 2011. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ara mi rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, itan rẹ̀ ni mo gbé orí lé.

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín bóyá kí n ṣì lé e. Kí wọ́n tètè dáhùn o. Láàárọ̀ yìí, mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọkọ mi tó jí, mò ń retí kí Moróunkẹ́ wá fi oríkì mi pè mí.